Ìbọn Afẹ́fẹ́ Kò Tà, Owó Ilé-Ẹ̀kọ́ Kò Dúró

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ olóòtú gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, àwọn kan yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ ni, ìbọn tí kò lo ẹ̀tù, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń lé ẹyẹ ẹ̀gà kúrò lórí ìrẹsì, tí àwa ọmọ kékeré ìgbà náà sì máa ń sáré lọ ṣa ẹyẹ tí ó bá já bọ́. Kí ni ó pa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ka ohun tí a kọ yìí kí a tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ó sì ní kí a máa bá a lọ. Apá Òkè-Ògùn ni ilé wọn. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá rẹ̀, òun sì ni ọmọ ìkẹyìn. Nígbà tí ó lọ sílé fún ìsinmi, ó sọ fún bàbá pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kù kí òun san jẹ́ ₦66,000. Bàbá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé ìbọn afẹ́fẹ́ kan jáde, tí ó fi ògbólógbòó aṣọ òfì wé. Bàbá ní, "Gbà á, mú un lọ. Àwọn ará Òkè Ọya á fẹ́ irú rẹ̀. ₦120,000 ni kí o pè é. Bí wọ́n bá ná an títí, má gbà kí ó wálẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ."

Ọmọ náà ki ìbọn bọ àárín àpò gàrí, ó sì wọ ọkọ̀ òru. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà, tí ẹ ń ti Jẹ́bà bọ́ sí Mọ́kwà, ẹ mọ iye ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá àti ṣọ́jà máa ń dá ọkọ̀ dúró. Wọn kò tú àpò rẹ̀. Nígbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún wa lẹ́yìn náà, òógùn bo àwa tí kò sí nínú ọkọ̀.

Ó fi oṣù mẹ́rin wá ẹni tí yóò rà á. Ẹnìkan tí ó ní oko ìrẹsì lẹ́yìn ìlú fi ₦40,000 lọ̀ ọ́. Alápatà kan ní Sábó ká ọ̀pá ìbọn náà, ó ki ọta bọ̀ ọ́, ó yìn ín lu páálí. Ọta kàn lẹ̀ mọ́ ojú páálí bí sítáǹbù ni, kò wọlé. Alápatà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò san ₦25,000. Ẹnìkejì rẹ̀ ní kí ó wá gba ewúrẹ́ kan. Àwọn yòókù kàn ń wí pé "Allah ya kawo kasuwa", ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run mú ọjà wá, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ìbọn padà sábẹ́ ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni o, họ́sítẹ́ẹ̀lì! Ní ibi tí àwa mìíràn ń sùn sí.

Kí ló dé tí ìbọn yìí kò tà? Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí gbogbo wa lẹ́nu ni pé owó kò sí nílùú. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, epo tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn ọrùn náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì nígbà náà, ó kọjá ₦1,500 ní 2024. Nígbà tí 2024 fi máa parí, àjọ onísirò ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọjà ti fi 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni. Ẹ wá fi ₦120,000 tí bàbá olùkọ́ dá lé ìbọn wé e. Ta ni yóò kó owó oṣù kan àti àbọ̀, kí ó tún fi lé e, lórí ohun tí a fi ń lé ẹyẹ?

Ṣùgbọ́n àìsí owó nìkan kọ́. Nínú ọgbà kan náà, lójú wa, sílíńdà gáàsì àlòkù kì í sùn mọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á. Fóònù àlòkù ń tà. Mátírẹ́ẹ̀sì tí àwọn tí ó ṣetán ní ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ fi sílẹ̀, à ń du ú mọ́ ara wa lọ́wọ́ ni, kódà èyí tí àárín rẹ̀ ti jìn. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò sùn lé kò lè sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀ kí òun tó sùn. Ẹni tí kò ní ìbọn afẹ́fẹ́ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ ọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, kí ohunkóhun má ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ń tà náà. Ẹni tí ó kó tòmátì sílẹ̀ ní ọjà mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, ọjà òun ti ń bàjẹ́ nìyẹn, nítorí náà yóò ja owó rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ń ta ewúrẹ́, ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìbọn kì í jẹ, kì í mu, kì í rà. Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri ni. Kò sí ohun tí ń lé ẹni tí ó ni ín láti gba ₦40,000, kò sì sí ohun tí ń lé ẹni tí ó fẹ́ rà á láti fi kún un. Àwọn méjèèjì lè dúró de ara wọn, wọ́n sì ń dúró náà. Ohun tí ó jẹ́ kí ọjà àlòkù ìbọn falẹ̀ nìyẹn kí ọ̀rọ̀ ìṣúná ìlú tó tún wá fi tirẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn èyí, iye tí ó wà lọ́kàn bàbá kì í ṣe iye tí ó wà lọ́jà. Owó Udoji ni ó fi ra ìbọn náà ní 1975. Àwọn òbí wa tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò lè gbàgbé ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba san àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí àwọn kan fi ra alùpùpù, tí àwọn mìíràn fi ra rédíò alágbèéká. Bàbá tiwa ra ìbọn. Ó fi kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fojú sun nǹkan. Ó fi ṣọ́ oko. Nígbà tí ó bá pe ₦120,000, gbogbo èyí ni ó ń kà mọ́ ọn. Alápatà Sábó kò mọ Udoji, kò sì mọ àbúrò ẹnikẹ́ni. Ọta tí kò lu páálí já ni ó rí.

Ọ̀rọ̀ alápatà náà kì í sì í ṣe àbùkù. Ìbọn afẹ́fẹ́ àtijọ́, sípíríǹgì ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ká ọ̀pá rẹ̀, sípíríǹgì á fún pọ̀. Bí a bá fà á, sípíríǹgì á ti písítìn síwájú, písítìn á ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì ti ọta jáde. Bí awọ tí ó dí etí písítìn bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á máa gba ẹ̀gbẹ́ jò. Bí ẹnìkan bá gbàgbé ìbọn ní kíká fún ọjọ́ pípẹ́, sípíríǹgì á rẹ̀. Igi ìdí rẹ̀ á ṣì máa dán, irin rẹ̀ á ṣì dúdú bọ̀ọ̀, ẹni tí kò bá yìn ín wò kò ní mọ̀. Ti bàbá yìí, Diana ni, ti iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Rastatt ní ilẹ̀ Jámánì ní 1890. Ìbọn tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n níbo ni a ti fẹ́ rí sípíríǹgì rẹ̀ rà ní ìlú yìí? Ọta rẹ̀ ńkọ́? Bóyá ti mìlímítà 4.5 ni o, bóyá ti 5.5 ni, òkèèrè ni ó ti ń wá, dọ́là ni a fi ń rà á. Ẹni tí ó gbọ́n kò ní ra ìbọn nìkan, yóò ro owó ọta mọ́ ọn. Ìgbà tí ó bá sì rò ó tán, yóò ní kí Ọlọ́run mú ọjà wá.

Ẹ̀yin mìíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan ni. Ẹ wo Ìlú Ọba, níbi tí ìbọn afẹ́fẹ́ ti jẹ́ eré ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọjà àlòkù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ní England àti Wales, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 lè ra èyí tí ó gùn, tí agbára rẹ̀ kò kọjá 12 foot-pounds, láìgba ìwé àṣẹ. Ní Scotland, láti ìparí 2016, ó di dandan kí ó gbà á. Oníṣòwò kò tilẹ̀ lè fi ìbọn náà ránṣẹ́ lásán sí ẹni tí ó sanwó. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 ní ojúkojú ni kí wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ọ̀wọ́n ọjà níbẹ̀ dé 11.1 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tí wọn kò rí fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹni tí ó ń ro owó iná àti owó gáàsì tí yóò fi móoru, àlòkù ìbọn kọ́ ni yóò máa wá kiri, bí òfin tilẹ̀ gbà á láàyè. Nítorí náà ìfalẹ̀ ọjà kò mọ àwọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò tà lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ kàn bàjẹ́ ni. Níhìn-ín, ó lè sọ ọ́ di èrò ẹ̀wọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó ń sáré kàwé dúró díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ohun ìṣeré ni ìbọn afẹ́fẹ́. A bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè nínú ọgbà yìí. Mẹ́sàn-án ní kò nílò ìwé àṣẹ kankan. Òfin Ìbọn ti 1959 tí a ń lò títí di òní, èyí tí ó wà ní F28 nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ìbọn sí. Àwọn tí ó wà ní apá kìn-ín-ní ni èyí tí a kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní bí Ọ̀gá Àgbà ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè bá fún un ní ìwé àṣẹ, níbẹ̀ ni ìbọn oníkatíríìjì àwọn ọdẹ wà, níbẹ̀ náà sì ni ìbọn afẹ́fẹ́ wà, àti gígùn rẹ̀ àti ìléwọ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Apá kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ fi ń pa ẹfọ̀n wà ní apá kẹta, ìbọn tí a fi ń lé ẹ̀gà wà ní apá kejì pẹ̀lú ìbọn oníkatíríìjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ìjọba jiyàn lórí ìyẹn, ó lè lọ sí ilé aṣòfin. Kí ó má ṣe lọ bá ọlọ́pàá jiyàn ní ojú ọ̀nà Mọ́kwà pẹ̀lú àpò gàrí lórí.

Pé kò lo ẹ̀tù kò sì sọ ọ́ di ohun ìṣeré. Ní nǹkan bí 1780, ọmọ ogun ilẹ̀ Austria gbé irú ìbọn afẹ́fẹ́ kan tí Girardoni ṣe lọ sí ojú ogun, ọta bí ogún ni ó ń yìn kí wọ́n tó tún kún un. Nígbà tí Lewis àti Clark ń la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láti 1804 sí 1806, ìbọn afẹ́fẹ́ wà nínú ẹrù wọn. Èyí tí wọ́n fi ń díje ní Òlíḿpíìkì láti 1984, láti mítà mẹ́wàá ni wọ́n ti ń yìn ín, àwọn tí ń yìn ín kì í sì í fi ẹnu rẹ̀ kọjú sí ènìyàn kódà bí kò bá sí ọta nínú rẹ̀. Ọta kékeré yẹn fọ́ ojú ọmọ ènìyàn bí ó bá bà á.

Ìwé àṣẹ bàbá olùkọ́ wà. A rí i. Ó ti pọ́n, eku ti jẹ etí rẹ̀ kan, ọdún tí wọ́n kọ sí i kẹ́yìn sì ni 1994. Orúkọ bàbá ni ó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ. Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ilẹ̀ ìdílé tí àrẹ̀mọ àti àbíkẹ́yìn lè jọ pín. Ọmọ tí ó gbé ìbọn náà sọdá odò Ọya kò ní àṣẹ kankan lọ́wọ́. Ẹni tí yóò sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, láti ìṣẹ́jú tí ó bá ti gbé e ni òun náà ti rú òfin. Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ẹ yọ àwọn tí kò ní owó kúrò. Ẹ yọ àwọn tí ó ní owó tí kò nílò rẹ̀ kúrò. Ẹ yọ àwọn tí ó nílò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ìwé àṣẹ kúrò. Mélòó ni ó kù nínú ìlú yìí tí ó lè ra ìbọn náà ní ọ̀nà ẹ̀tọ́? A kò rò pé wọ́n pé márùn-ún.

Ẹni tí ó lè yára rà á wà o. Ó wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun aṣálẹ́, ọkùnrin kan béèrè ọmọ yìí lẹ́nu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Èdè mẹ́ta ni ó gbọ́, tiwa wà lára wọn. Kò ká ọ̀pá ìbọn wò. Kò béèrè sípíríǹgì. Kò béèrè ọta. Kò ná an. ₦150,000 ni ó mú jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ọmọ náà mọ ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀, nítorí òun tún fẹ́ méjì sí i. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó fi ₦150,000 ra ìbọn tí kò lè lu páálí já, kí ni ó fẹ́ fi ṣe? Ẹyẹ kọ́ ni ó fẹ́ lé. Ní òru, ní ojú ọ̀nà oko, bí wọ́n bá na irin dúdú sí ènìyàn, ta ni yóò dúró wò ó bóyá ẹ̀tù ni tàbí afẹ́fẹ́? Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn ń rí ní àwọn ọ̀nà yìí.

Ọmọ náà sọ fún wa pé ọwọ́ òun gbọ̀n. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ilé-ẹ̀kọ́ ti ìforúkọsílẹ̀. ₦66,000 ni ó ń wá, ₦150,000 ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà padà wá lọ́la, ó sì sáré wá bá wa ní aago mọ́kànlá òru. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a kò sọ èyí láti fi yìn ín. Òun gan-an sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ méjì ni ó kù, òun kò mọ ohun tí òun ìbá ṣe. Àwa náà kò mọ̀. Èyí ni ó ń dẹ́rù bà wá nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ebi owó lè mú ọmọ olùkọ́, ọmọ tí gbogbo wa mọ̀ sí ọmọlúàbí, dé ibi tí yóò ti máa ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rò.

Ní òwúrọ̀, ènìyàn méjìlélógún nínú wa dá ₦3,000 ₦3,000. Ó pé ₦66,000, ó sì san owó rẹ̀. Ní ti ìbọn, a lọ bá bàbá àgbà tí ó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá ní ìlú yìí, òun ni ó bá wa wá agbẹjọ́rò kan tí ó mú ìwé àṣẹ àtijọ́ náà lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí ìbọn fúnra rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti ìrìn àti ẹ̀bẹ̀. Ìbọn ti wà lọ́dọ̀ wọn báyìí, wọ́n sì kọ ìwé pé àwọn gbà á. Bàbá bínú lórí fóònù. Ó ní ta ni ó rán ọmọ níṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó tún pè, ó ní kí ọmọ má gbàgbé láti mú aṣọ òfì náà bọ̀ wálé.

A béèrè lọ́wọ́ ọmọ yìí ìdí tí kò fi kọ orúkọ sílẹ̀ fún owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2024. Kò ní èlé, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń san owó ìwé fún tààrà. Ó ní bàbá kọ̀, pé ọmọ òun kò ní jẹ gbèsè ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn bàbá tí ó gba owó Udoji kò mọ irú ayé tí a wà yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sórí ara wa. Ní Ọjọ́ Àṣà tí ó kọjá, ₦15,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan san fún aṣọ ẹgbẹ́, láì ka ti oúnjẹ àti ti onílù. Ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí san án. Ó yá apá kan rẹ̀ ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó jó pẹ̀lú wa, ìbọn wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ó béèrè bí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe rí. Àwa olóòtú náà wà níbẹ̀, a ya fọ́tò rẹ̀, a gbé e sí ojú ewé kẹta.

Àbá wa kò le. Kí ẹgbẹ́ yọ aṣọ kúrò nínú ètò Ọjọ́ Àṣà ọdún yìí, kí oníkálukú wọ èyí tí ó bá ní. Kí a kó ohun tí à bá fi rà á sínú àpò ìrànwọ́ kan. Ẹni tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ká mọ́, kí ó yá níbẹ̀ láìsí èlé, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, kí ó sì dá a padà kí sáà tó parí. Kí akápò nìkan má ṣe dá fọwọ́ sí ìwé owó náà. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ kì í ṣe báńkì. Àwọn ìyá wa tí ń dá èsúsú ní ìsọ̀ kì í ṣe báńkì náà. Àwọn kan yóò tún rán wa létí pé ènìyàn méjì ni ó yá owó ẹgbẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n sì ti jáde láìsan án. Òótọ́ ni, orúkọ wọn wà nínú ìwé. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń wí pé kí onígbọ̀wọ́ wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà nínú ọgbà yìí tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe gbé e kiri ọjà mọ́, kí ó má sì ki í bọ àpò gàrí padà sílé. Kí ó wá bá wa lọ́sàn-án tàbí lóru. Agbẹjọ́rò yẹn ti ṣèlérí pé òun yóò tún bá wa lọ.

Ìpàdé àpapọ̀ ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ibi tí a ti máa ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wáyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ko àbá yìí, kí ó wá tà kò ó lójú gbogbo wa.